GPU wo ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe Folding@home? Ẹ kọ́kọ́ wo mítà iná yín

Lọ́dún 2024, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí owó iná Band A fò sókè, mo lọ ra GPU tókunbọ̀ kan ní Computer Village, n'Ìkẹjà. RX 580 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Owó tí wọ́n pè é kò wọ́n, mi ò tilẹ̀ ná an púpọ̀ tí mo fi sanwó. Kì í ṣe géèmù ni mo fẹ́ fi gbá o. Folding@home ni mo fẹ́ máa fi ṣe, pàápàá lóru tí mo bá ti sùn, kí kọ̀ǹpútà mi máa bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ìṣirò. Oṣù yẹn ò tíì dé ìdajì tí yúnìtì tí mo rà fi tán. Ìyàwó mi dúró níwájú mítà, ó wò mí títí, ó ní, "Dádì Tómi, kí lẹ ń sè nínú kọ̀ǹpútà yẹn?"

Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí ẹ ń kà yìí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ wáàtì àti owó iná sílẹ̀ sínú ìwé bí alájọ. Ohun tí mo rí ni pé iye tí wọ́n ń ta GPU kọ́ ni iye tó máa ná yín. Tẹ́ ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, owó iná ọdún kan ṣoṣo lè ju owó GPU tókunbọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Kí la tiẹ̀ ń sọ gan-an?

Fún ẹni tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí: ìṣirò kan wà tó tóbi débi pé tí yunifásítì kan bá ní òun nìkan fẹ́ ṣe é, á gba ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á wá gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tó bá yọ̀ǹda tiẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn á ṣe é, á dá èsì padà, á tún gba òmíràn. Ọ̀wẹ̀ ni. Kì í ṣe àáró o, torí ẹnikẹ́ni ò ní wá ro oko tiyín padà.

SETI@home ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1999, wọ́n sì dẹ́kun àtimáa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2020. Berkeley náà ni BOINC ti wá, ìyẹn sọ́fútíwíà kan tó kó oríṣiríṣi iṣẹ́ ìwádìí sábẹ́ òrùlé kan: Einstein@Home tó ń wá ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar, PrimeGrid tó ń wá nọ́ńbà ńláńlá, GPUGRID àtàwọn mìíràn. Folding@home dá dúró ní tiẹ̀. Vijay Pande ló dá a sílẹ̀ ní Stanford lọ́dún 2000. Greg Bowman ló ń darí rẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti ṣírò bí purotéènì inú ara ṣe ń ká, tó ń nà, tó ń yí padà. Nígbà tí kòrónà bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2020, àwọn èèyàn ya wọ ibẹ̀ débi pé agbára gbogbo kọ̀ǹpútà wọn pa pọ̀ kọjá exaflop kan, ìyẹn ìṣirò bílíọ̀nù kan lọ́nà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọdún 2022 ni supercomputer kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ Top500.

Ẹ lè ní kí ló kàn mí. Ẹni tó bá wà l'Ékòó lọ́dún 2014 ò ní gbàgbé Ebola. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ló kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn tó gbé e wọ̀lú ò ní jáde nílé ìwòsàn, àìsàn náà ló sì pa òun fúnra rẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún yẹn. Kòkòrò Ebola ní purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní VP35, òun ló ń fi sá pamọ́ fún ètò ààbò ara wa. Tẹ́ ẹ bá wò ó nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, kò sí ihò tí oògùn lè rí dì mú lára rẹ̀. Ìgbà tó bá ń mì ni ihò kan máa ń ṣí fún ìgbà díẹ̀. Irú mímì bẹ́ẹ̀ ni àwọn Folding@home ń fi kọ̀ǹpútà wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kàn pa á tì nígbà tí iná tán.

Wáàtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Yúnìtì kan lórí mítà jẹ́ wáàtì 1,000 fún wákàtí kan. Owó Band A di ₦225 fún yúnìtì kan lóṣù kẹrin ọdún 2024. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, ₦209.50 ni màá sì fi ṣírò níbí, láìka VAT. Lórí ìwé, Band A gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́ ó kéré tán (lórí ìwé ni mo wí o). Wákàtí 20 fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ wákàtí 600. Ẹ fi 600 sọ wáàtì GPU yín di púpọ̀, ẹ pín in sí 1,000, ẹ tún fi 209.50 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tí GPU nìkan máa jẹ lóṣù nìyẹn.

Mo kọ àwọn tó wọ́pọ̀ sísàlẹ̀ yìí: ọdún tó jáde, wáàtì tí ilé iṣẹ́ kọ sí i, teraflops rẹ̀, lẹ́yìn náà owó iná oṣù kan.

GTX 1050 Ti (2016): wáàtì 75, teraflops 2.1, ₦9,428
RX 580 (2017): wáàtì 185, teraflops 6.2, ₦23,255
GTX 1080 Ti (2017): wáàtì 250, teraflops 11.3, ₦31,425
GTX 1660 Super (2019): wáàtì 125, teraflops 5.0, ₦15,713
RTX 3060 12GB (2021): wáàtì 170, teraflops 12.7, ₦21,369
RTX 4090 (2022): wáàtì 450, teraflops 82.6, ₦56,565
RTX 4060 (2023): wáàtì 115, teraflops 15.1, ₦14,456
RTX 4070 (2023): wáàtì 200, teraflops 29.1, ₦25,140

Ẹ wo RX 580 tèmi yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ RTX 4060. Lóṣù kan, tèmi jẹ iná tó fi nǹkan bíi ₦8,800 ju tìkejì lọ. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé iṣẹ́ tó fi iná yẹn ṣe kò tó ìdajì. Tí mo bá ní kí RX 580 ṣe iye iṣẹ́ tí 4060 ń ṣe lóṣù kan, á gbà á ju oṣù méjì lọ, owó iná rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ní ọdún kan, ₦8,800 oṣooṣù yẹn ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà. Ọ̀gá ọjà ní "owó pọ́ọ́kú ni". Mítà ní rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún teraflops náà o. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń polówó ọjà ni. Láti orí RTX 30 ni Nvidia ti yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn core inú GPU padà, tí nọ́ńbà náà fi wú. Torí náà, ẹ lè fi 3060 wé 4060, ẹ lè fi 1660 wé 1080 Ti, àmọ́ ẹ má fi 12.7 ti 3060 wé 11.3 ti 1080 Ti bíi pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ohun tó dájú láàárín àwọn méjèèjì yìí ni iná: 1080 Ti fi wáàtì 80 jù ú lọ.

Ohun míì tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé GPU nìkan kọ́ ló ń jẹ iná. Nínú kọ̀ǹpútà tèmi, nǹkan bíi wáàtì 50 sí 60 ni àwọn tó kù ń gbà nígbà tí GPU ń ṣiṣẹ́. Power supply náà máa ń fi díẹ̀ ṣòfò bí ooru. Èyí tó dáa, tí wọ́n kọ 80 Plus Gold sí lára, máa ń sọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá nù; àwọn jágbajàgba tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nílé, ẹ ka mítà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà nìkan ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ẹ tún un kà. Ọjọ́ tí mo ṣe é ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyàwó mi gbọ́.

Ti 4090 ńkọ́? Lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá pín iṣẹ́ sí wáàtì, òun ló gbegbá orókè nínú gbogbo àwọn tí mo kọ yìí. Ṣùgbọ́n dọ́là 1,599 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí 4060 jẹ́ dọ́là 299. Kò tán síbẹ̀. Àwọn purotéènì kan kéré débi pé wọn ò lè fún gbogbo core 16,384 inú rẹ̀ níṣẹ́. Ó dà bíi kí èèyàn háyà mólúè láti gbé èèyàn mẹ́ta lọ sí Ọ̀jọ́ta. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ ra 4090 torí iṣẹ́ yìí nìkan. Tó bá ti wà nílé yín tẹ́lẹ̀, ó dáa.

Ọ̀rọ̀ póìǹtì

Tẹ́ ẹ bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí i pé PPD ni àwọn èèyàn fi ń wọn GPU, ìyẹn iye póìǹtì tó ń kó lóòjọ́. Ẹ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á. Folding@home máa ń fi èlé kún póìǹtì ẹni tó bá tètè dá iṣẹ́ padà. Èlé náà ń tẹ̀lé square root ìyára. Ní kúkúrú, GPU tó yá ní ìlọ́po méjì kì í gba póìǹtì ìlọ́po méjì, ìlọ́po 2.8 ló máa ń gbà. Àwọn GPU ńlá á wá dà bíi pé wọ́n ń fi iná ṣe iṣẹ́ ju bó ṣe rí gan-an lọ.

Kì í ṣe màgòmágó. Bí purotéènì ṣe ń mì, ìṣirò tó kàn ò lè bẹ̀rẹ̀ títí tí èyí tó ṣáájú á fi padà dé. Ẹni tó bá gbé ẹyọ iṣẹ́ kan sọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ti dá ẹni tó máa gba èyí tó tẹ̀ lé e dúró nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń sanwó ìyára nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ iye iṣẹ́ tí owó iná yín ń ṣe, ẹ má jẹ́ kí PPD nìkan pinnu fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gba èlé yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ní passkey (ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì wọn lẹ ti máa gbà á), kẹ́ ẹ parí ẹyọ iṣẹ́ mẹ́wàá, kẹ́ ẹ sì máa dá ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún padà lásìkò.

NEPA wá dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Tí iná bá lọ lójijì, iṣẹ́ ò ní ṣègbé, torí kọ̀ǹpútà máa ń fi ibi tó bá a dé pamọ́ látìgbàdégbà. Àmọ́ aago ń lọ. Tí gbèdéke ẹyọ iṣẹ́ náà bá kọjá, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn. Tí iná àdúgbò yín bá ń ṣe ségesège, ẹ lọ sí Einstein@Home lábẹ́ BOINC. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Èmi fúnra mi máa ń bọ́ sí ibẹ̀ tí transformer àdúgbò wa bá ti bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀.

Ẹ dín iná rẹ̀ kù

Ohun tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ rèé, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń ti GPU dé ìpẹ̀kun agbára rẹ̀ kó lè gbayì lójú àwọn agbágéèmù. Ìpẹ̀kun yẹn ni iná ti ń ṣòfò jù, torí kí GPU tó lè sáré díẹ̀ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kún fóltéèjì, iná tó ń jẹ sì ń tẹ̀lé fóltéèjì lọ́nà fóltéèjì. Tẹ́ ẹ bá fà á sẹ́yìn díẹ̀, iṣẹ́ á dín díẹ̀, iná á dín púpọ̀.

Lórí Nvidia, ẹ ṣí terminal gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ nvidia-smi -pl 120, tó bá jẹ́ wáàtì 120 lẹ fẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn terminal lè lo MSI Afterburner lórí Windows. Àwọn tó ní AMD á rí i nínú Adrenalin. RTX 3060 tí mò ń lò báyìí, 170 ni wọ́n kọ sí i, 120 ni mo fi sí. Owó iná rẹ̀ lóṣù bọ́ láti ₦21,369 sí ₦15,084. Iṣẹ́ rẹ̀ dín, mi ò ní purọ́, àmọ́ kò dín tó bí iná ṣe dín. Fáànù rẹ̀ pàápàá ò pariwo mọ́.

Nípa AMD tàbí Nvidia: fún ẹni tó ń bọ̀ tuntun, Nvidia ni màá ní kẹ́ ẹ rà. Kì í ṣe pé mo kórìíra AMD. Láti ọdún 2020 ni Folding@home ti ń lo CUDA lórí Nvidia, ó sì mú kí wọ́n yá ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí OpenCL lọ. GPUGRID ní tiẹ̀, Nvidia nìkan ló ń gbà. Ẹ tún lè rí àkọsílẹ̀ àtijọ́ tó ń yin AMD Radeon VII tàbí HD 7970. Òótọ́ ni nígbà náà, torí MilkyWay@home ń fẹ́ ìṣirò tó péye gan-an tí wọ́n ń pè ní FP64, àwọn AMD yẹn sì mọ̀ ọ́n ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ìdá kan nínú 64 agbára RTX 30 àti 40 ló wà fún un. Ṣùgbọ́n MilkyWay@home ti dáwọ́ iṣẹ́ orí GPU dúró lọ́dún 2023. Ẹ má ra GPU torí iṣẹ́ tí kò sí mọ́.

Tó bá jẹ́ tókunbọ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum yí ètò rẹ̀ padà, kò sí ẹni tó lè fi GPU wa owó rẹ̀ mọ́. Àìmọye GPU tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru bọ́ sọ́jà káàkiri ayé. Gbogbo wọn kọ́ ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé flash kan dání tí GPU-Z wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà níṣojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá ti mọ̀ pé RX 580 tí mo rà kì í ṣe ojúlówó. 2,304 ló yẹ kí shader rẹ̀ jẹ́. Tèmi jẹ́ 2,048. Oríṣi kan tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà ni, orúkọ kan náà ni wọ́n fún un. Nígbà tí mo padà lọ, ẹni tó tà á fún mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, 580 kọ́ lẹ ní ẹ fẹ́ ni?"

Ẹ tún wo BIOS. Àwọn tó fi GPU wa owó máa ń yí BIOS padà kí mẹ́mórì lè sáré. Nínú géèmù, tí GPU bá ṣe àṣìṣe kékeré, ẹ lè máà mọ̀ rárá. Nínú ìṣirò purotéènì, àṣìṣe kékeré á ba gbogbo ẹyọ iṣẹ́ jẹ́, iná tẹ́ ẹ ti sun á sì di òfò. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ ka log rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń kùnà léraléra, BIOS tàbí mẹ́mórì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Nípa jẹnẹrétọ̀, mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀: ẹ má ṣe é. Sólà ló dáa. Bátìrì ọ̀pọ̀ inverter máa ń kún kó tó di aago méjì ọ̀sán tí oòrùn bá ràn dáadáa, iná tó kù lókè òrùlé á wá máa lọ lásán. BOINC láyè tẹ́ ẹ ti lè sọ fún un pé láti aago kan sí aago mẹ́rin nìkan ni kó máa ṣiṣẹ́. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ wáàtì ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, kódà GPU àtijọ́ lè wúlò. Tí AC bá wà nínú yàrá náà, ẹ rántí pé gbogbo wáàtì tó wọ GPU ló ń jáde bí ooru, AC á sì tún jẹ iná láti lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Manchester, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Tí yúnìtì kan bá jẹ́ nǹkan bíi pẹ́ńsì 25, RTX 3060 tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìdín iná rẹ̀ kù á jẹ nǹkan bíi pọ́n-ùn 30 lóṣù. Nígbà òtútù, tó bá jẹ́ híítà oníná lẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀, ooru GPU ò ṣòfò, ẹ lè pa híítà díẹ̀. Ẹni tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná ò rí èrè yẹn jẹ, torí gáàsì dínwó gan-an sí iná. Nígbà ooru, ẹ pa á.

Tẹ́ ẹ bá bi mí pé èwo ni kẹ́ ẹ rà: tó bá jẹ́ tuntun, RTX 4060. Tó bá jẹ́ tókunbọ̀, RTX 3060 onígígábáìtì 12, kẹ́ ẹ sì dín iná rẹ̀ kù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e délé. Tí power supply yín ò bá lágbára, 1050 Ti kì í sábà nílò wáyà iná tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ ó lọ́ra. Tẹ́ ẹ bá ti ní GPU kan nílé tẹ́lẹ̀, ẹ má ra nǹkan kan rárá, ẹ fi èyí tẹ́ ẹ ní bẹ̀rẹ̀.

RX 580 yẹn ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbá géèmù kó bá mi sọ̀rọ̀. 2,048 ni o, mo ti sọ.